Fọ́tò àyípadà ojú ọjọ́: bẹ́ ẹ ṣe máa yà á kó lè ṣe ẹlẹ́rìí

Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ lọ sínú gálárì, ẹ wá fọ́tò omíyalé kan jáde. Kò lè ṣàìsí níbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń gbé Èkó àbí Ìbàdàn ló ní ọ̀kan, bóyá ọkọ̀ tó rì dé fèrèsé, bóyá mátírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n gbé kọ́ ògiri kó lè gbẹ. Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní London, tí òun náà fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ta ló máa mọ̀ pé àdúgbò báyìí ni? Ọdún wo ni? Ṣé ibẹ̀ ti máa ń kún tẹ́lẹ̀ ni àbí ìgbà àkọ́kọ́ rèé? Fọ́tò yẹn ò lè dáhùn. Ariwo lásán ló ń pa.

Èmi alára, òde ìnáwó ni mo fi ń jẹun, aṣọ ẹbí, ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín, owó tí wọ́n ń ná mọ́ ọn lórí. Etí òkun ni mo wá ń lọ yà láàárín ọ̀sẹ̀ tí òde ò bá sí, ó sì ti ṣe díẹ̀ báyìí. Àṣìṣe tí mo ti ṣe níbẹ̀ pọ̀ ju fọ́tò tó dáa lọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, kẹ́yin má lọ ṣe irú ẹ̀. Ẹ ò nílò kámẹ́rà ńlá o, fóònù ti tó.

KÍ LẸ FẸ́ YÀ GAN-AN?

Ibi tó ti kọ́kọ́ ń rú wa lójú, èdè wa náà dá kún un. Tí òjò bá ṣú, a ní ojú ọjọ́ ò dáa. Tá a bá tún ń sọ ti ayé tó ń gbóná, ojú ọjọ́ náà la tún pè é. Nǹkan méjì ni o. Òjò tó rọ̀ láàárọ̀ yìí, ti òní nìyẹn. Èkejì ni ìṣesí ọjọ́ láti ọdún dé ọdún, ìgbà tí òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ooru ṣe máa ń mú tó, ọdún 30 ni àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé fi ń wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó sọ pé bó ṣe rí rèé. Kámẹ́rà wá ńkọ́? Kámẹ́rà ò mọ ọdún 30, ìṣẹ́jú àáyá kan ló mọ̀, kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ fi fọ́tò kan ṣoṣo ya àyípadà ojú ọjọ́, kò ṣeé yà. Ohun tó ṣeé yà ni ibì kan bó ṣe wà lónìí, kẹ́ ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ tún padà wá lẹ́yìn ìyẹn. Méjì ló ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ṣoṣo kàn ń wò yín ni.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Lọ́dún 1889, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì kan, Sebastian Finsterwalder, fi kámẹ́rà wọn yìnyín ńlá kan tó wà lórí òkè Alps ní Austria, Vernagtferner lorúkọ yìnyín yẹn, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí nǹkan fi wé tiẹ̀. Ní 1997, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní USGS kó àwọn fọ́tò àtijọ́ ti ọgbà Glacier National Park ní Montana jáde, wọ́n gun òkè lọ wá ojú ibi tí ẹni tó yà wọ́n dúró sí, wọ́n tún un yà. Ibi tí yìnyín funfun báláú wà láyé ọjọ́un, òmíì ti di àpáta, òmíì ti di adágún omi. Ní 2007 James Balog, onífọ́tò ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, Extreme Ice Survey, ó lọ kan kámẹ́rà mọ́ àpáta ní Greenland, Iceland àti Alaska, kámẹ́rà ń dá yà fúnra ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n wá tò ó pọ̀ tó wá dà bíi fídíò, tí yìnyín ń fà sẹ́yìn lójú èèyàn.

Èyí tó wù mí jù ni ti Ọsirélíà, CoastSnap, tó bẹ̀rẹ̀ ní Sydney lọ́dún 2017. Irin kékeré kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ létí òkun, ó ní ibi tí wọ́n máa gbé fóònù lé. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, àlejò o, ọmọ ilé ìwé o, á gbé fóònù ẹ̀ síbẹ̀, á yà, á fi ránṣẹ́. Torí ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti wá, kọ̀ǹpútà lè fi wo ibi tí etí omi dé nínú ìkọ̀ọ̀kan. Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ládùúgbò yín lè ṣe irin yẹn láàárín wákàtí kan.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: Ẹ MÚ IBÌ KAN

Ẹ má lọ síbi tí ariwo wà. Ibi tí gbogbo oníròyìn ti ń sáré lọ, lọ́la wọ́n á ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin náà á sì tẹ̀ lé wọn. Ibi tẹ́ ẹ máa ń gbà kọjá ni kẹ́ ẹ mú, afárá tó wà lọ́nà ibi iṣẹ́ yín, odò ẹ̀yìnkùlé, oko kòkó bàbá yín, kànga tó máa ń gbẹ. Tí ò bá sún mọ́ yín ẹ ò ní padà lọ, mo fi ọwọ́ sọ̀yà.

Nǹkan tí ò ní kúrò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́tò yẹn: mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, òpó iná ńlá, máàsì, táǹkì omi. Àwọn ló máa jẹ́ kí ẹni tó ń wò ó gbà pé ibì kan náà ni. Ṣùgbọ́n létí òkun, èyí tẹ́ ẹ rò pé ò lè kúrò gan-an ló lè kọ́kọ́ lọ. Ẹ bi àwọn ará Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ilé tí òkun ti gbé níbẹ̀ ò kéré, ẹni tó bá fi ilé tó wà níwájú pátápátá ṣe àmì tiẹ̀ ti jìyà. Ẹ mú mẹ́ta, kí ọ̀kan jìnnà sí omi dáadáa.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: OJÚ IBI TẸ́ Ẹ MÁA DÚRÓ SÍ

Níbí ni iṣẹ́ wà, ẹ fara balẹ̀.

Ibi tó ga díẹ̀ ló dáa, orí afárá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orí àtẹ̀gùn. Tó bá jẹ́ ilé onílé, ẹ lọ kí i, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún un, ẹ sì sọ pé ẹ ó máa wá lóṣooṣù, torí tó bá di ìgbà kẹta tí wọ́n ń rí yín lórí òkè ilé wọn tẹ́ ẹ ń na fóònù, wọ́n á ní gbájúẹ̀ ni yín. Ẹ fi ọ̀dà ṣe àmì kékeré síbi tí ẹsẹ̀ yín máa wà. Ẹ tún ya fọ́tò àmì yẹn fúnra ẹ̀, pẹ̀lú nǹkan tó yí i ká, kí ẹlòmíì lè rí i tí ọ̀dà bá ṣí. Ẹ fi Google Maps mú ojú ibẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e nìkan, fóònù lè fi ìṣísẹ̀ mélòó kan ṣì í.

Ẹ fi fóònù sí gíga kan náà nígbà gbogbo. Èmi, igi ìgbálẹ̀ ni mo gé tó dé àyà mi, orí ẹ̀ ni mo ń gbé fóònù lé. Ẹ dá fóònù dùbúlẹ̀, ẹ má nà án ró. Ẹ má sún un mọ́ tòsí, ẹ má lo lẹ́ǹsì tó ń fẹ nǹkan, 1x ni kẹ́ ẹ máa lò títí láé. Ẹ tan ìlà tó máa ń pín ojú fóònù sí mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ibi tí òkun ti pàdé òfuurufú jókòó lórí ìlà òkè. Tẹ́ ẹ bá padà wá, ẹ ṣí fọ́tò àkọ́kọ́ lórí fóònù kejì, kẹ́ ẹ máa wo méjèèjì títí wọ́n fi máa bára mu. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹta, ọwọ́ máa ń gbọ̀n.

Aago náà ńkọ́? Aago kan náà, torí òjìji. Oṣù ńkọ́? Oṣù kan náà ni kẹ́ ẹ fi wé oṣù kan náà. Lápá ọ̀dọ̀ wa, ìgbì tó lágbára máa ń wá nígbà òjò, á gbọ́n iyanrìn lọ, tó bá di ọ̀gbẹlẹ̀ iyanrìn á padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi Oṣù Kejì wé Oṣù Kẹjọ, tó wá ń kígbe pé òkun ti jẹ ilẹ̀ tán, irọ́ ló ń pa, bí ò tiẹ̀ mọ̀.

Èmi ni mo ń bá wí o. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo gbé síta, méjì ni mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti Oṣù Kejì àti ti Oṣù Kẹjọ, iyanrìn gbọọrọ nínú ọ̀kan, omi dé ìdí igi àgbọn nínú èkejì. Àwọn èèyàn ń kọ "Olúwa gbà wá o", inú mi ń dùn. Nígbà tí mo padà síbẹ̀, mo fi han bàbá apẹja kan, bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, òkun ti fà nígbà tó o ya èyí, ó kún nígbà tó o ya èyí. Jókòó síbí di ìrọ̀lẹ́, wàá rí méjèèjì lónìí." Mo jókòó, mo sì rí i lóòótọ́. Ní Èkó níbí, omi máa ń fi nǹkan bíi mítà kan ga láàárín ìgbà tó fà àti ìgbà tó kún, mítà kan yẹn kéré létí, ṣùgbọ́n tí iyanrìn bá tẹ́jú, ìṣísẹ̀ rẹpẹtẹ ni omi máa fi wọ orí ilẹ̀. Tí òṣùpá bá sì yọ ojú tán, tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kíkún ẹ̀ máa ń le ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Àwọn apẹja mọ̀ ọ́n lórí, ẹ máa bi wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ, tàbí kẹ́ ẹ wo wákàtí ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo lọ pa fọ́tò yẹn rẹ́, mo sì kọ ìdí tí mo fi pa á rẹ́, ojú tì mí ṣá.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó, ẹ mú ọjọ́ kan tí ẹ ò ní gbàgbé, bíi Sátidé àkọ́kọ́ (èmi ò lè mú Sátidé, òde ló wà). Tí ìyẹn bá pọ̀ jù, ẹ má jẹ́ kó dín ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: Ẹ WÁ TI ÀTIJỌ́ JÁDE

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá dúró ọdún mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó ní méjì. Ẹlòmíì ti ya èkíní sílẹ̀ fún yín. Ẹ lọ bá àwọn màmá àti bàbá àdúgbò, ẹ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣí álíbọ́ọ̀mù. Ẹ̀yìn èèyàn ni kẹ́ ẹ máa wò o, kì í ṣe èèyàn yẹn. Bàbá tó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgìdì lọ́dún 1974 tó dúró létí òkun, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lẹ ń wá, ibi tí omi dé, iye igi àgbọn tó wà níbẹ̀. Àwọn fọ́tógiráfà àtijọ́ náà ṣì ní négátíìfù nínú páálí níbòmíì, kí ọmọ wọn tó dá a nù. Ẹ má gba fọ́tò wọn lọ sílé, àwọn àgbà ò ní fọkàn tán yín. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti fi fóònù yà á, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí gíláàsì ò sì ní máa kọ mọ̀nà. Ẹ ya ẹ̀yìn ẹ̀ náà, wọ́n máa ń kọ déètì síbẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa rí ojú ibi tí ẹni yẹn dúró sí nìyí. Ẹ wá nǹkan méjì tó ṣì wà nínú fọ́tò àtijọ́ náà tó sì wà títí dòní, ọ̀kan tó sún mọ́ tòsí, ọ̀kan tó jìnnà, bíi igun ògiri àti ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ẹ̀. Nínú fọ́tò, àyè wo ló wà láàárín méjèèjì? Ẹ rìn sọ́tùn-ún, ẹ rìn sósì, títí àyè yẹn fi máa rí bákan náà lójú yín. Ẹ wá mú méjì mìíì lápá kejì fọ́tò, kẹ́ ẹ rìn síwájú sẹ́yìn. Ibi tí méjèèjì bá ti bára mu, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ onífọ́tò yẹn wà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i fún mi, orí mi wú.

Fún ibi tí ò sí álíbọ́ọ̀mù, sátẹ́láìtì wà. Timelapse ti Google Earth máa ń fi gbogbo ayé hàn láti 1984, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ orúkọ ìlú yín síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Kò ní fi ilé ẹnìkan hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa fi etí òkun hàn, ó máa fi igbó tó ti di ilé hàn.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: ÈÈYÀN INÚ FỌ́TÒ

Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Climate Outreach gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Climate Visuals. Wọ́n ti kó fọ́tò síwájú àwọn èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà kí wọ́n sọ èyí tó wọ̀ wọ́n lára. Béárì funfun àti èéfín ilé iṣẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn mọ ohun tó dúró fún, ṣùgbọ́n ó ti sú wọn. Èèyàn gidi tó ń ṣe nǹkan gidi ló mú wọn lọ́kàn, èyí tí wọ́n bá sì tò kalẹ̀ bíi ti àwọn olóṣèlú tó wọ bàtà rọ́bà sínú omíyalé, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Àwa náà mọ irú fọ́tò yẹn, àbí?

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń ya àwọn èèyàn pẹ̀lú orí ní ìsàlẹ̀, ọwọ́ lérán, torí irú ẹ̀ ni mo máa ń rí. Ọjọ́ kan ìyá kan tó ń yan ẹja ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ojú mi lo fẹ́ fi lọ gbowó lọ́wọ́ òyìnbó?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ìyá ní tí mo bá fẹ́ ya nǹkan, kí n wá ya ibi tóun gbé ààrò òun sí, òun àtàwọn ọmọ òun ti fi pákó gbé e sókè kúrò nílẹ̀, nígbà kejì rèé. Fọ́tò yẹn ló dáa jù lára gbogbo ohun tí mo ní: ọwọ́ ìyá lórí pákó, àmì omi lára òpó, èéfín ẹja. Kò sí ẹkún níbẹ̀, ẹ sì rí omi yẹn dáadáa.

Gideon Mendel, onífọ́tò ọmọ South Africa tó ń gbé ní London, ti ń ṣe nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ láti 2007, Drowning World lorúkọ iṣẹ́ ẹ̀, ó sì dé Bayelsa nígbà omíyalé 2012. Òun àti onílé ló jọ ń padà wọnú omi lọ, onílé á dúró nínú ilé ara ẹ̀, omi dé orúnkún, omi dé àyà, á wá wo kámẹ́rà lójú kòró. Ọlá ẹni yẹn ò bọ́ lára ẹ̀. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó jáde lọ yà.

Òfin tèmi ò pọ̀. Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sókè. Ẹ sọ ibi tí fọ́tò ń lọ. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí ẹ̀ lẹ máa bi, kì í ṣe ọmọ. Tẹ́ni tẹ́ ẹ yà bá yí ọkàn padà lọ́la, ẹ pa á rẹ́, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ fi pè wọ́n àti iṣẹ́ wọn, "ìyá kan" àti "olùfarapa" kì í ṣe orúkọ.

Ẹ ṣọ́ra fún gígé fọ́tò náà. Ní Oṣù Kìíní 2020, ní Davos, ìlú kan ní Switzerland, Vanessa Nakate ọmọ Uganda àtàwọn ọ̀dọ́bìnrin mẹ́rin láti Yúróòpù, tí gbogbo wọn ń jà nítorí àyípadà ojú ọjọ́, jọ ya fọ́tò, Greta Thunberg wà níbẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìròyìn AP gbé e jáde, wọ́n ti gé Vanessa kúrò, òun ọmọ adúláwọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn. Ó béèrè ìdí ẹ̀ ní gbangba, wọ́n pààrọ̀ fọ́tò, wọ́n tọrọ àforíjì. Ìka kan ṣoṣo ló máa ń gé fọ́tò o, ìlú kan lè bá a lọ.

OORU, GÁÀSÌ, ÀTÀWỌN NǸKAN TÍ Ò LÓJÚ

Omi rọrùn láti yà, ooru ni ò lójú. Nígbà ooru ńlá tó mú ní Yúróòpù lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí Yunifásítì Exeter lọ wo fọ́tò tí àwọn ìwé ìròyìn lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Netherlands. Ọ̀rọ̀ inú ìròyìn ń sọ pé ewu ni, fọ́tò ń fi ọmọdé tó ń ta omi sára àti àwọn tó ń jẹ áísìkiriìmù hàn. Ẹni tó bá wo fọ́tò nìkan á rò pé ọdún ni wọ́n ń ṣe.

Tiwa, ẹ ya ọ̀sán gangan. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí wọ́n fà wọ abẹ́ agboòrùn kan ṣoṣo, ọlọ́kadà tó da omi sórí tówẹ́ẹ̀lì, àwọn tó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru torí iná ò sí tí inú ilé sì ń gbóná, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó yà wọ́n níbi tí wọ́n ń sùn ṣá. Ẹ jẹ́ kí tẹmómítà wà nínú fọ́tò tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan.

Ohun tó ń fa ooru náà yẹ ká yà á, iná gáàsì tó ń jó lóru ní Niger Delta, jẹnẹrétọ̀ tó tò sórí bálíkónì kan lẹ́yìn èkejì. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ìyá aláta nìkan lẹ yà, ẹ dẹ́bi fún ẹni tí ò lẹ́bi, ẹ fà sẹ́yìn kó pọ̀ nínú fọ́tò. Ẹ sì má dà bí àwọn tó máa ń ya àwọn ilé gogoro ẹlẹ́nu gbàgàdà tó ń tú nǹkan funfun jáde. Òpọ̀ ìgbà ooru omi lásán nìyẹn, tí wọ́n bá yà á lójú oòrùn tó ń wọ̀ ló máa ń dúdú bí èéfín. Gáàsì tó ń mú ayé gbóná gan-an, kábọ́ọ̀nù dàíọ́ksáìdì, ojú ò rí i.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: Ọ̀RỌ̀ ABẸ́ FỌ́TÒ

Kápṣọ̀n lẹ mọ̀ ọ́n sí. Fún èmi o, ìdajì iṣẹ́ nìyí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń já.

Ní Oṣù Kejìlá 2017, ìwé ìròyìn National Geographic gbé fídíò béárì funfun kan jáde, ẹgbẹ́ onífọ́tò kan tó ń jẹ́ SeaLegacy ló yà á ní Kánádà, ó rù hangogo, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé bí ìyípadà ojú ọjọ́ ṣe rí nìyí. Ayé sunkún. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe béárì yẹn, ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ ọjọ́ ogbó, àwọn tí ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ rárá sì rí nǹkan dì mú. Ní Oṣù Kẹjọ 2018 ìwé ìròyìn náà gbà pé àwọn ti sọ ọ́ jù. Pé yìnyín tí béárì ń dúró lé ń yọ́, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n ì bá kọ.

Ẹ wá wo Steffen Olsen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Denmark, Oṣù Kẹfà 2019 ní Greenland. Ajá tó ń fa ọmọlanke yìnyín ń rìn nínú omi bíi pé orí òkun ni wọ́n ń rìn. Àwọn èèyàn rò pé yìnyín ti tán lábẹ́ wọn. Òun fúnra ẹ̀ ló jáde ṣàlàyé pé yìnyín ṣì wà nísàlẹ̀, nǹkan bíi mítà kan lé díẹ̀, pé omi tó yọ́ ló dúró lórí ẹ̀ torí kò rí ibi ṣàn gbà. Fọ́tò náà ò tìtorí ìyẹn dínkù, kò sẹ́ni tó lè fi bú u ni.

Nílé níbí, ẹ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn kó òkúta wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè wọlé. Òkúta yẹn wá dá iyanrìn tí omi máa ń gbé láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn dúró, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach tó wà lápá kejì. Bákan náà ni ní Tógò: ebúté Lomé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960 há iyanrìn mọ́ apá kan, ìsédò Akosombo ní Gánà, tó parí ní 1965, sì ti mú èyí tó yẹ kí odò Volta gbé wá, ilé ń wó ní ìlú Aného. Òkun tó ń ga sí i torí ayé tó ń gbóná wá gun orí gbogbo èyí. Ti Ògùnpa ní Ìbàdàn, August 31, 1980, òjò ló pọ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí inú odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi náà ń bẹ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ "àyípadà ojú ọjọ́ ló fà á" sábẹ́ gbogbo ẹ̀, ẹ ti fún ẹni tó kó iyanrìn àti ẹni tó dí gọ́tà ní ìwé àṣẹ.

Ìgbà wo lẹ wá lè kọ ọ́? Nígbà tí àwọn tó wọ̀n ọ́n bá ti sọ ọ́. Omíyalé 2022 tó pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì World Weather Attribution ṣírò pé ayé tó ń gbóná ló jẹ́ kí irú òjò tó rọ̀ ní gbogbo sáà yẹn lè ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po 80 ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ lè kọ ìyẹn, òjò yẹn ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ilé lágbájá tó wó.

Tèmi máa ń lọ báyìí: orúkọ ibẹ̀, ọjọ́ àti aago, bí òkun ṣe wà, ẹni tó wà níbẹ̀ àti ohun tó ń ṣe, ohun tó yàtọ̀ sí fọ́tò ti tẹ́lẹ̀. Bíi: "Etí òkun, ẹ̀yìn ọjà ẹja. Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òkun kún. Ògiri tó wó lápá òsì ṣì wà lóòró nínú fọ́tò Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá tí mo yà ní wákàtí tí òkun kún bákan náà." Kò dùn tó "Èkó ti ń rì o!!!", mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

TÍTÚN UN ṢE ÀTI PÍPÍN IN

Kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i díẹ̀. Ẹ má fi fílítà sọ òfuurufú di dúdú, ẹ má jẹ́ kí AI bá yín fi omi kún omi, ẹ pa ojúlówó mọ́ láìfọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá to méjì pọ̀, àtijọ́ lósì, tuntun lọ́tùn-ún, kẹ́ ẹ kọ ọdún gàdàgbà sórí ìkọ̀ọ̀kan, torí ìgbà tó bá ti di statọ́ọ̀sì ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ ti já sọnù. Ẹ ṣe ohùn voice note tẹ̀ lé e lédè tí ará ibẹ̀ ń sọ, àwọn ìyá ò ní ka ìwé gígùn. WhatsApp máa ń bọ́ déètì àti ojú ibi tí wọ́n ti yà á kúrò lára fọ́tò, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Tó bá sì jẹ́ pé sísọ ibi tí wọ́n wà lè kó bá ẹni tẹ́ ẹ yà, kó yáa bọ́.

Ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ tó pín ti ẹlòmíì, ẹ fi Google Lens wá a. Ekurá, ìyẹn ẹja ṣáàkì, tó ń wẹ̀ lójú títì márosẹ̀, tó ń jáde nígbàkígbà tí omíyalé bá ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, inú fọ́tò kan tí Thomas Peschak yà ní South Africa lọ́dún 2003 ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó ti wẹ̀ ní ìlú mélòó kan báyìí, kò tíì rẹ̀ ẹ́.

Ẹ fi déètì sọ fáìlì lórúkọ, ọdún kó ṣáájú, oṣù, ọjọ́, kó wá kan ibẹ̀, kí wọ́n lè to ara wọn fúnra wọn. Ẹ kó o sí ibi méjì, fóònù ń bọ́ sómi, pàápàá níbi iṣẹ́ yìí. Ẹ tẹ ọ̀kan jáde fún onílé tó jẹ́ kẹ́ ẹ máa gun òkè ẹ̀, ẹ tẹ ọ̀kan fún baálẹ̀. Kẹ́ ẹ sì mú ẹnìkan lọ́wọ́ lọ síbi àmì ọ̀dà yẹn, kó fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ dúró níbẹ̀, kó yà á lẹ́ẹ̀kan lójú yín, torí ìwé ìrìnnà yín lè jáde lọ́la kẹ́ ẹ japa, òkun ò sì ní dúró dè yín.